Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Aṣọ Ọdẹ Olówó Gọbọi, Ṣé Ó Tó Iye Tí Wọ́n Ń Tà Á?



Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Yorùbá yìí kan náà ló tún sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Òótọ́ ni òwe méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹni, tí ọlọ́jà sì gbé ọjà olówó ńlá síwájú ẹni, èwo nínú wọn ni kí á tẹ̀lé? Ohun tí ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lé nìyẹn. A ó fi nǹkan tó jìnnà sí wa díẹ̀ kọ́ ọ, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ni à ń bá wí. Aṣọ tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń wọ̀ lọ sórí òkè ni a ó mú.

1. IRÚ AṢỌ WO NÌYÍ?

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ bíi Colorado àti Montana, àti ní Alaska lọ́hùn-ún, àwọn ọdẹ a máa gun òkè gíga lọ lé àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní elk, tàbí àgùntàn ìgbẹ́ tí ń gbé orí àpáta. Wọ́n lè lo ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá láìfojú kan ilé. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, oòrùn lè pa wọ́n, òjò lè pa wọ́n, kí òjò dídì sì tún bo ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí èyí ni àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe aṣọ ọdẹ ní ìpele ìpele: èyí tó kan ara, èyí tó ń mú ara gbóná, àti èyí tó ń lé òjò àti afẹ́fẹ́ dànù. Jákẹ́ẹ̀tì òjò kan ṣoṣo nínú wọn lè ná olùrà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Ẹni tó bá ra gbogbo rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ lè ná ju dọ́là 1,000 lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní 1969, Bob Gore, ọmọ àwọn tó dá ilé iṣẹ́ W. L. Gore sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware, fa ọ̀pá ike gbígbóná kan yọ lójijì, ó sì rí i pé ó nà gbọọrọ, ó kún fún ihò tíntìntín. Ihò náà kéré débi pé ẹ̀kán omi kò lè gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ooru òógùn lè gbà á jáde. Èyí ni wọ́n ń pè ní Gore-Tex, aṣọ òjò tí wọ́n fi ṣe sì dé ọjà láàárín àwọn ọdún 1970. Àwọn tí ń gun òkè ló kọ́kọ́ mọyì rẹ̀. Ní 2005 ni Jason Hairston àti Jonathan Hart dá Sitka sílẹ̀ ní California, láti ṣe irú aṣọ àwọn agunkè fún ọdẹ. Ilé iṣẹ́ Gore ra Sitka ní 2009. Ní 2011 Hairston tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, KUIU, ó sì yàn láti máa tà á fún olùrà fúnra rẹ̀, láìgba ọwọ́ ilé ìtajà ẹlòmíràn.

2. OHUN TÍ OWÓ NÁÀ Ń RÀ NÍ TÒÓTỌ́

Ẹni tó ń gun òkè a máa làágùn bí alábàárù lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tó bá wá dúró láti ṣọ́ ẹran, òógùn náà á di omi tútù sí i lára. Omi sì ń gba ooru kúrò lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ìgbóná ara wa máa ń tó ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ísíọ̀sì. Bí ó bá wálẹ̀ ju 35 lọ, ewu dé. Ara á máa gbọ̀n, ahọ́n á wúwo, ọwọ́ kò ní lè di nǹkan mú, orí á sì dàrú débi pé ẹlòmíràn á máa bọ́ aṣọ sílẹ̀ nínú òtútù. Kò dìgbà tí omi bá dì kí èyí tó ṣẹlẹ̀ o. Òjò, afẹ́fẹ́ àti aṣọ tútù ti tó láti pa alágbára ọkùnrin.

Aṣọ òwú ló léwu jù níbẹ̀. Òwú a máa mu omi, kì í tètè gbẹ, bó bá sì ti tutù, kò lè mú ara gbóná mọ́. Irun àgùntàn yàtọ̀: bó tilẹ̀ fa omi, ó ṣì ń dá ooru dúró. Pólísítà kì í mu omi púpọ̀, ó sì tètè ń gbẹ. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ fúyẹ́, ó sì ń mú ara gbóná gan-an, ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, á lẹ̀ pọ̀, agbára rẹ̀ á sì lọ.

Nítorí náà, owó tí ọdẹ orí òkè san lórí aṣọ ìsàlẹ̀, bàtà àti aṣọ òjò, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi rà. Kò yẹ kí á bú u. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: irun àgùntàn kò mọ orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀wù irun àgùntàn tí ọdẹ rà ní ilé ìtajà lásán, bó bá nípọn bákan náà, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe.

3. OHUN TÍ OWÓ NÁÀ KÒ RÀ

Àwòrán tó wà lára aṣọ ńkọ́? Wọ́n a máa ya ewé, ẹ̀ka igi àti àpáta sí i, kí ẹran má baà rí ọdẹ. Ibí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Àwọn onímọ̀ ti wádìí ojú àgbọ̀nrín. Oríṣi àwọ̀ mẹ́ta ni ojú tiwa fi ń ríran, tirẹ̀ jẹ́ méjì. Ó ń rí àwọ̀ búlúù dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè ya àwọ̀ ọsàn àti pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewéko bí àwa ti ń ṣe. Ohun tó ń tètè tú ọdẹ fó ni ìrìn rẹ̀, àti òórùn rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbé lọ bá ẹran. Aṣọ tó wọ́n jù lọ láyé kò lè dá atẹ́gùn padà.

Ẹ tún wo èyí. Ní Colorado, òfin sọ pé ẹni tó bá ń fi ìbọn dọdẹ àgbọ̀nrín tàbí elk gbọ́dọ̀ wọ àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì tó ń tàn yòò lókè ìbàdí, pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà yìnbọn fún un. Ẹni náà ti san owó gegere nítorí àwòrán ewé, ó wá fi ẹ̀wù pénpé olówó pọ́ọ́kú bò ó mọ́lẹ̀! Ẹ̀wù pọ́ọ́kú yìí gan-an ló sì ń gba ẹ̀mí là. Ọlọ́fà tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran pẹ́kípẹ́kí lè rí àǹfààní díẹ̀ nínú àwòrán yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ kí ó jẹ ọ̀pọ̀ nínú owó rẹ̀.

4. ẸNI TÓ MỌ ÌṢIRÒ KÌ Í TÈTÈ ṢÌ RÀ

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní aṣọ òjò kan jẹ́ dọ́là 600, òmíràn jẹ́ 90.

Ọdẹ kìíní ń lo 40 ọjọ́ lọ́dún lórí òkè. Ní ọdún márùn-ún, ọjọ́ 200 nìyẹn. Bí aṣọ 600 bá bá a dé òpin, dọ́là 3 péré ni ó ń ná an lójúmọ́. Ọdẹ kejì ń lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún, nítòsí ọkọ̀ rẹ̀. Ní ọdún márùn-ún, ọjọ́ 15 ni. Aṣọ 600 yìí á ná an ní dọ́là 40 lójúmọ́, èyí tó jẹ́ 90 á sì ná an ní 6. Fún ẹni kejì, ọ̀rọ̀ ti tán: kó ra pọ́ọ́kú, bí òjò bá pọ̀, kó sá wọ ọkọ̀.

Ẹni kìíní wá ńkọ́? Ká ní ẹ̀gún á ti ya aṣọ 90 kó tó ju 50 ọjọ́ lọ. Mẹ́rin ni yóò rà láàárín ọdún márùn-ún, ìyẹn dọ́là 360. Bó bá jẹ́ ìṣirò lásán, pọ́ọ́kú ṣì ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí aṣọ náà bá ya, ibo ni ọdẹ wà? Bó bá jẹ́ orí òkè, tí ilé jìnnà ní ìrìn ọjọ́ méjì, dọ́là 240 tó rò pé òun jèrè lè di ẹ̀mí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ewu ni kí á kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kí á ka iye ọjọ́, kí á tó béèrè iye owó.

Ẹ má sì gbàgbé ìtọ́jú. Ohun tí wọ́n fi kun ojú aṣọ òjò kí omi lè máa yọ̀ dànù a máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ìdọ̀tí àti òógùn ń bà á jẹ́. Ẹni tí kò ní fọ̀ ọ́ bó ti yẹ, tí kò sì ní tún un kùn, á sọ aṣọ 600 di aṣọ 90 kíákíá.

5. ÀWỌN TÓ FI ẸGBẸ́ YANJÚ RẸ̀

Ọ̀nà mìíràn wà láti dín ìnáwó kù yàtọ̀ sí pé kí á lọ ra gbàrọgùdù. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, Lloyd Anderson àti ìyàwó rẹ̀ Mary, tí wọ́n fẹ́ràn òkè gígùn, ń wá àáké tí wọ́n fi ń gun òkè oníyìnyín. Èyí tó dára wọ́n lọ́jà wọn. Lloyd kọ̀wé sí Austríà, ó sì gba ọ̀kan ní dọ́là 3.50, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́. Ni àwọn ọ̀rẹ́ bá ní kó bá àwọn náà rà. Bí àwọn 23 ṣe kó ara wọn jọ nìyẹn, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí à ń pè ní REI sílẹ̀ ní 1938. Títí di òní, ọmọ ẹgbẹ́ ibẹ̀ a máa gba ìdápadà lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tó rà ti pọ̀ tó.

Ẹ kíyè sí i pé ohun rere ni wọ́n rà. Ọwọ́ tí ọjà ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n dín kù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

6. ILẸ̀ TIWA WÁ ŃKỌ́?

Bí ọmọ wa kan tó wà lókè òkun bá fi irú aṣọ òjò yìí ránṣẹ́ sí ọdẹ nílé, ṣé yóò wúlò? Gbérí ọdẹ wa, òwú ni. Òwú tó lè pani lórí òkè Montana, òun gan-an ló ń tuni lára nínú ooru ilẹ̀ wa, nítorí omi tó wà lára rẹ̀ ń gba ooru kúrò lára ẹni. Aṣọ Gore-Tex sì ń tú òógùn jáde dáadáa nígbà tí inú aṣọ bá gbóná tó sì lọ́rinrin ju ìta lọ. Nínú igbó wa lásìkò òjò, ìta náà gbóná, ó sì lọ́rinrin. Ibo ni òógùn fẹ́ sá lọ? Ọdẹ á kàn máa we nínú omi ara rẹ̀ ni.

Ewu tiwa ni ejò, ẹ̀gún, kùkùté àti òkùnkùn. Ọdẹ tó bá ní owó díẹ̀, kó fi ra bàtà gidi tó bo ojúgun àti iná orí tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Kó sì ṣọ́ra fún aṣọ aláwòrán ewé. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ará ìlú wọ aṣọ ológun, ẹni tó bá rí ọ lókèèrè kò sì ní dúró bi ọ́ bóyá aṣọ ọdẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó kó irú rẹ̀ sórí àtẹ.

7. ÌBÉÈRÈ MẸ́TA KÍ Á TÓ RA OHUN OLÓWÓ ŃLÁ

(a) Ewu wo ni nǹkan yìí ń dí fún mi, ṣé ewu náà sì wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́?
(b) Ọjọ́ mélòó ni n ó lò ó kó tó bàjẹ́?
(d) Èwo nínú owó yìí ni ti iṣẹ́ tó ń ṣe, èwo ni ti orúkọ àti àwòrán?

Bí a ṣe bi ọdẹ léèrè, bẹ́ẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó máa bi wá. Ìyá ẹlẹ́ja tó fẹ́ yáwó ra fìrísà, ewu ẹja bíbàjẹ́ ló ń dí, ó dára. Ṣé iná wà ládùúgbò rẹ̀? Aránṣọ tó fẹ́ máṣíìnì ńlá, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó lóṣù ló ní fún un? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ohun olówó ńlá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pọ́ọ́kú kì í sì í ṣe ọgbọ́n ní gbogbo ìgbà. Ibi tí ewu wà ni kí owó lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí aṣọ òwú fi léwu lórí òkè tútù, tó sì dára nínú igbó wa?
2. Ẹ mú ohun èlò kan nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ pín iye owó rẹ̀ sí iye ọjọ́ tí ẹ fi lò ó. Èló ni ó ń ná yín lójúmọ́?
3. Ọjà wo ni gbogbo wa ń rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹgbẹ́ lè bá wa rà papọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe é?