Yàrá Iṣan Inú Apá àti Ẹsẹ̀: Ìdí Tí Dídi Egungun Le Jù Fi Léwu

Iṣan tó bo egungun apá àti ẹsẹ̀ kì í ṣe ìdì kan ṣoṣo. Yàrá yàrá ni a pín in sí. Awọ funfun kan tó le, tí kì í fẹ̀ bí rọ́bà, ló dúró bí ògiri láàrin yàrá kan sí èkejì. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni iṣan wà pẹ̀lú òpó ẹ̀jẹ̀ àti fọ́nrán ìmọ̀lára.

Yàrá 2 ló wà ní òkè apá: ti iwájú ń ká ìgbọ̀nwọ́, ti ẹ̀yìn ń nà án. Mẹ́ta ló wà ní itan. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, 4 ni: ọ̀kan níwájú, tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, àti 2 lẹ́yìn.

Bí egungun bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dà sínú yàrá, iṣan a sì wú. Nítorí pé ògiri náà kì í fẹ̀, ìfúnpá inú rẹ̀ lè ga débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ iṣan mọ́. Láàrin nǹkan bíi wákàtí 6, iṣan lè kú láìní àtúnṣe.

Ní ọdún 1881, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Richard von Volkmann, kọ̀wé nípa ọwọ́ tó ká kò lẹ́yìn tí wọ́n dì í le jù. Ní Nàìjíríà, àwọn kan, tó fi mọ́ àwọn ọmọdé, ti pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀ nítorí ọparun àti aṣọ tí wọ́n fi di egungun le jù. P.O.P ilé ìwòsàn náà lè fa irú rẹ̀ bí ó bá fún jù.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ìrora tó ń pọ̀ sí i tí oògùn kò ràn, ìrora líle bí ẹlòmíràn bá na ìka aláìsàn, ibi tó le gan-in, àti ìka tó kú tipiri. Ìṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọwọ́ lè máa lù síbẹ̀ nígbà tí iṣan inú ń kú lọ.

Kí a tú ohun tí a fi dì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí a má ṣe gbé e ga ju ipele ọkàn lọ, kí a má sì fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Ilé ìwòsàn tí oníṣẹ́ abẹ wà ni kí a gbé aláìsàn lọ, níbi tí wọn yóò ti la ògiri yàrá náà kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé.

Bí ọmọ bá ń ké lóru lẹ́yìn tí wọ́n di egungun rẹ̀, kí òbí má ṣe ní kó fara dà á. Kí wọ́n tú u wò.