Àtọ̀gbẹ Lára Ọ̀dọ́: Iṣẹ́ Gbogbo Ilé Ni

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí àìsàn tí ọ̀pọ̀ wa rò pé àgbàlagbà nìkan ni ó ń ṣe.

Ìyá kan láàrin wa máa ń bá ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 14, jà nítorí ọrùn rẹ̀ tí ó dúdú tí ó sì nípọn. Ó rò pé ọmọ náà kì í wẹ̀ dáadáa. Ó fi kànrìnkàn bó o títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a mú ọmọ náà dé ilé ìwòsàn kan ní Garki, dókítà wo ọrùn yẹn, ó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ni. Ìyá bú sẹ́kún.

Kí ni àìsàn yìí? Oúnjẹ tí a jẹ ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Omi ara tí a ń pè ní insulin ni ó ń mú ṣúgà náà wọ inú ẹran ara kí ó lè di agbára. Nínú oríṣi kejì, ara kì í gbọ́ ti insulin bí ó ti yẹ mọ́; bí ó bá yá, insulin pàápàá kò ní í tó. Kì í ràn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹ ṣọ́ ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ó sì ń rẹ̀, pàápàá bí ó bá sanra tàbí bí àtọ̀gbẹ bá wà nínú ẹbí.

Kí ni a ṣe ń kánjú? Lára ọ̀dọ́, àìsàn yìí yára ju ti àgbàlagbà lọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TODAY, tẹ̀ lé ọmọ 699 tí wọ́n jẹ́ ọdún 10 sí 17. Àbọ̀ rẹ̀ ní 2021 fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi tó bí ẹni ọdún 26, bí 60 nínú 100 ti ní ìpalára ní kíndìnrín, ojú tàbí iṣan.

Síbẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣúgà ọmọ wa kò wálẹ̀. A rí oògùn rẹ̀ lábẹ́ ẹní. Ó ní: "Àǹtí, abọ́ tèmi nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Àwọn àbúrò mi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójú mi, wọ́n sì ń pè mí ní Ìyá Àgbà."

Ẹ̀yin òbí, ìtìjú ni ó gbé oògùn pamọ́. Nítorí náà:

1. Kí gbogbo ilé jẹ oúnjẹ kan náà: kí òkèlè dín, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀, kí omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.
2. Kí ọmọ lo ara rẹ̀ fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Iṣẹ́ oko wà níbẹ̀; eré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀.
3. Kí ó máa lo metformin pẹ̀lú oúnjẹ, kí inú má baà dà á láàmú. Ẹ má ṣe fi àgbo rọ́pò rẹ̀.
4. Ẹ sọ fún olùkọ́ kan, kí ó lè jẹ́ kí ó jáde lọ tọ̀ láìsí ìbéèrè.

Ìyá yẹn da abọ́ àdáyà náà nù. Nígbà àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e, ṣúgà ti ń wálẹ̀. Ọmọ náà sì tún ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ìbéèrè:
Àmì wo ni ìyá náà ṣì mú fún ìdọ̀tí?
Kí ló dé tí ọmọ náà fi gbé oògùn pamọ́?
Kí ni ilé tìrẹ yóò yí padà lónìí?