Ìgbà Tí Ó Yẹ Láti Pààrọ̀ Ráútà

Ìlú Ìsẹ́yìn lókìkí nídìí híhun aṣọ òfì. Bí ahunṣọ kan níbẹ̀ bá ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, tí kò sì tètè lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ráútà ilé òun ti gbó. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi owó òwú ra tuntun, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ìdíwọ́ náà ti ń wá.

Iṣẹ́ méjì ni irú ráútà bẹ́ẹ̀ ń ṣe: ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ó sì ń pín in káàkiri ilé. Kí ahunṣọ náà gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ bá yá níbẹ̀, tí ó sì ń falẹ̀ ní yàrá, ògiri ni ó ń dènà. Kí ó gbé ráútà sí àárín ilé, ní ibi gíga. Bí ó bá falẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó wo ọ̀dọ̀ òpó. Ọdún 2022 ni 5G bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi gbogbo. Níbi tí kò bá sì dé, ráútà 5G kò lè pèsè rẹ̀. Ìkòkò ńlá kì í sọ kànga gbígbẹ di olómi.

Ṣùgbọ́n bí ráútà tuntun aládùúgbò bá ń yá lórí ilé-iṣẹ́ kan náà, tàbí bí àwọn tí ó ṣe ti ahunṣọ náà kò bá ṣàtúnṣe ààbò rẹ̀ mọ́, pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìnákúnàá.