Bí Oògùn Ṣe Ń Gba Géètì Ọpọlọ Kọjá

Nígbà tí kókó yọ nínú ọpọlọ ìyá àgbà mi, mo bi dókítà pé kí ló dé tí oògùn ò ràn wọ́n. Ó ní díẹ̀ ló ń débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá lọ kàwé nípa rẹ̀.

Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ dà bíi géètì ilé ìwé wa: ó ń lé májèlé padà, àmọ́ ó ń lé ọ̀pọ̀ oògùn padà pẹ̀lú. Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyí: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa ìfófòó kéékèèké sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wá darí ìró tí etí ò lè gbọ́ sí ojú kan nínú ọpọlọ. Ìfófòó á máa wú, á máa sún kì, géètì á sì ṣí díẹ̀ kí oògùn lè wọlé. Tó bá fi máa di nǹkan bíi wákàtí 24, ó ti padà tì.

Báwo la ṣe mọ̀ pó ṣí? Ẹ̀rọ MRI ni, tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara. Wọ́n á fa gadolinium sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í kọjá géètì tó bá wà ní títì. Ibi tó bá ti wọlé á funfun yòò nínú àwòrán. Kì í ṣe oògùn o, ẹlẹ́rìí ni.

Ní 2001, Kullervo Hynynen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é lára ehoro. Ní 2015, wọ́n ṣe é fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn Sunnybrook, Toronto, láìla agbárí. Wọ́n ṣì ń dán an wò.

Kò bá ìyá àgbà mi láyé. Ta ni nínú wa tó máa kàwé débẹ̀?