Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Ni: Ẹ̀kọ́ Lórí Àrùn Iṣan

Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wa bí a bá lọ sílé fún ìsinmi: "Ẹsẹ̀ mi ti kú." A ó ní ogbó ni. Àwọn mìíràn a ní wọ́n tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé iṣan ló bàjẹ́.

1. Kí ni iṣan?
Ọ̀rọ̀ kan náà, iṣan, ni a ń lò fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, fún ẹran líle tí ń gbé apá àti ẹsẹ̀, àti fún okùn tín-ín-rín tí ń jíṣẹ́ láàrin ọpọlọ àti ara. Ìkẹta yìí ni a ń sọ. Ọpọlọ àti mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ọ̀gá. Àwọn iṣan tí ó ti ibẹ̀ jáde lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti inú ni ìránṣẹ́. Àwọn kan ń mú ìròyìn ooru, òtútù àti ìrora wá. Àwọn kan ń pàṣẹ kí apá tàbí ẹsẹ̀ gbéra. Àwọn yòókù ń darí òógùn, lílù ọkàn àti dídà oúnjẹ.

2. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó bàjẹ́?
Ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí iṣan ibẹ̀ ni ó gùn jù. Yóò máa ta bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, yóò máa jó ni lóru. Lẹ́yìn náà ni yóò kú. Sálúbàtà yóò bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni, kò ní mọ̀.

3. Kí ni ewu ohun tí kò dun ni?
Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀tẹ̀. Ọdún 1873 ni Gerhard Armauer Hansen, dókítà ará Nọ́wè, rí kòkòrò tí ń fà á. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ni kòkòrò náà ń bà jẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú yóò gbé ìkòkò gbígbóná láìmọ̀. Ẹ̀gún yóò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa rìn lórí rẹ̀. Ọgbẹ́ tí kò dun ni kì í rí ìtọ́jú. Òun gan-an ni ó ń sọ ìka di kùkùté. Dókítà Paul Brand, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà ní 1946, ló jẹ́ kí èyí yé ayé. Oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1981 ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n iṣan tí ó ti kú pátápátá ṣòro láti jí.

Ohun kan náà ni àtọ̀gbẹ ń ṣe lónìí. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, yóò ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Egbò kékeré yóò dàgbà láìdun ni, títí wọn yóò fi gé ẹsẹ̀.

4. Kí ni kí a ṣe?
(a) Bí a bá délé, kí a bẹ àwọn òbí wa tó ní àtọ̀gbẹ pé kí a wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn.
(b) Kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ tí ó ti kú bọ omi gbígbóná, kí wọ́n má sì yáná sí i. Ìgúnpá ni kí wọ́n fi tọ́ omi wò.
(d) Kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, kí wọ́n sì gbọn bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.
(e) Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Kí ó lọ yẹ ṣúgà wò ní ilé ìwòsàn.
(ẹ) Bí àbàwọ́n kan bá wà lára tí a fọwọ́ kàn tí a kò mọ̀ ọ́n lára, kí a tètè fi han dókítà.
(f) Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a ń pè ní isoniazid náà lè ba iṣan jẹ́. Kí ẹni tí ń lò ó má dá a dúró fúnra rẹ̀; kí ó sọ fún dókítà, fítámì B6 wà fún un.

Bí a bá tètè mú ohun tí ń ba iṣan wọ̀nyí jẹ́ kúrò, wọ́n lè hù padà, ṣùgbọ́n bíi mìlímítà 1 lóòjọ́ ni. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀ àwọn òbí wa nígbà tí a ṣì rí i wò. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a bá wọn láyọ̀.