Omi Òkun fún Oko Ẹ̀fọ́: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, omi pípọn ni iṣẹ́ tó le jù fún àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ ní Alímọ̀ṣọ́. Nígbà náà ni àwọn kan máa ń béèrè pé, nígbà tí òkun kò jìnnà sí wa, kí ló dé tí a kò lè yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, kí a fi bomi rin oko? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Láti 2022 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Chtouka lẹ́bàá Agadir, ní Mòrókò, fún tòmátò tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù.

Láyé àtijọ́, iyọ̀ ni àwọn ará etíkun ń wá tí wọ́n fi ń se omi òkun. Omi ni wọ́n ń jẹ́ kó gbẹ dànù. Ẹ̀rọ òde òní dojú iṣẹ́ náà kodò. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan tó gíráàmù 35. Ẹ̀rọ a fi agbára ńlá ti omi gba inú awọ asẹ́ kọjá, iyọ̀ a sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Agbára yìí ni ń jẹ owó. Ẹgbẹ̀rún lítà kan ń gba yúníìtì iná 3 sí 4. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: hẹ́kítà ẹ̀fọ́ kan lè mu tó 50,000 lítà lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yúníìtì 150 sí 200 nìyẹn lójoojúmọ́, a kò tíì sọ ti páìpù láti etíkun dé Ìkòtún. Èló ni a ó wá ta ìdì ṣọkọ kan? Ní Teshie, nílùú Accra, wọ́n ṣí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2015; nígbà tó fi di 2018, ọ̀ràn owó ti dá a dúró. Omi mímu sì ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe omi oko.

Iyọ̀ tí a yọ ńkọ́? Omi tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ níyọ̀ ní ìlọ́po méjì ti òkun, inú òkun ni wọ́n sì ń dà á padà sí. Bí kò bá tètè pòpọ̀, á rọ̀ sísàlẹ̀, á máa ba ibùgbé ẹja jẹ́. Apẹja ni yóò san gbèsè tí àgbẹ̀ jẹ. Irúgbìn pàápàá kò bọ́: ní Ashkelon, ní Ísírẹ́lì, awọ asẹ́ kó magnesium lọ pẹ̀lú iyọ̀, àìsí rẹ̀ sì hàn lára tòmátò.

Lójú tèmi, omi abẹ́ ẹsẹ̀ wa ló yẹ kí á kọ́kọ́ bójú tó. Kì í ṣe iyọ̀ ni ìṣòro kànga Alímọ̀ṣọ́, ìdọ̀tí ni. Omi dúdú ń ṣẹ̀ láti inú ààtàn Solous ní Ìgàndò wọ inú ilẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti rí àmì rẹ̀ nínú kànga ìtòsí. Ẹ̀rọ etíkun kò lè fọ kànga wọ̀nyẹn. Omi òjò sì tún wà, èyí tí a kò pa mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn: gọ́tà ń gbé e lọ sínú ọ̀sà, ọ̀sà ń gbé e lọ sínú òkun, níbi tí a fẹ́ lọ fowó ńlá pọn ọ́n.