Èjì ti wà ní ìlà kejì

Ẹ fi igi fa ìlà sórí ilẹ̀ pupa Adja-Ouèrè ní Benin, kó di àyè mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òòró. Ó di àyè mẹ́rìndínlógún. Ẹ wá kọ nọ́ńbà mẹ́rin péré sínú rẹ̀, báyìí:

1 – – –
– – – 2
– – 4 –
– 3 – –

Òfin rẹ̀ kò gùn. Ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan, ìlà òòró kọ̀ọ̀kan, àti igun kọ̀ọ̀kan nínú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (àyè mẹ́rin ló wà ní igun) gbọ́dọ̀ ní ení, èjì, ẹ̀ta àti ẹ̀rin. Nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì ní ìlà kan náà, tàbí ní igun kan náà.

Ọmọ iléèwé wa, láti Adja-Ouèrè títí dé Pobè àti Sakété, yóò fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ ní un, deux, trois, nítorí Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìṣirò. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí bí ọmọ bá gbà pé èdè ìyá òun kò lè gbé irú ìrònú yìí. Ó lè gbé e dáadáa, bí a bá ti lè fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀.

Ẹ padà sórí òfin yẹn. “Ìlà kan” ni ìlà yòówù tí a kò dárúkọ. “Ìlà kọ̀ọ̀kan” kó gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó mú wọn níkọ̀ọ̀kan. “Ìlà kan náà” ni èyí tí a ti ń sọ bọ̀, kì í ṣe òmíràn. Ẹ yọ “náà” kúrò nínú òfin kejì, ẹ ó rí i pé ó ti ń mì.

Ó wá kan èyí tó ń yọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Nínú àlọ́ onínọ́ńbà, èjì ni orúkọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Méjì ni iye nǹkan. Kejì ni ipò. “Èjì ti wà ní ìlà kejì”: gbólóhùn yìí pé. Bí ẹnì kan bá ní “méjì ti wà ní ìlà kejì,” a ó bi í pé, méjì kí ni? Bí ó bá ní “èjì ti wà ní ìlà méjì,” ó ti parọ́ láìmọ̀, nítorí ìlà ìbú ẹyọ kan ni èjì tíì wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn tó pé yẹn ṣiṣẹ́. Ẹ wo igun òkè lápá òsì. Ení ti gba àyè kìn-ín-ní. Níbo ni èjì yóò wọ̀? Èjì ti wà ní ìlà kejì, nítorí náà àyè méjèèjì ìsàlẹ̀ igun yẹn ti tì mọ́ ọn. Ó ku àyè kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ení. A jẹ́ pé ibẹ̀ ni èjì wà.

Ní ìlà kìn-ín-ní, ó wá ku ẹ̀ta àti ẹ̀rin. Yálà ẹ̀ta ló ni àyè kẹta tàbí ẹ̀rin. Ẹ̀rin ti wà nísàlẹ̀ ní ìlà òòró kẹta, kò lè tún jáde níbẹ̀. Ẹ̀ta ló ni ín, ẹ̀rin sì bọ́ sí àyè kẹrin.

Mo ní “kò lè,” n kò ní “kò gbọdọ̀.” “Kò gbọdọ̀” ni ẹnu òfin, èèyàn sì lè rú òfin. “Kò lè” ni a ń sọ nígbà tí òfin àti ohun tí ojú rí bá ti dí ọ̀nà pátápátá. “A jẹ́ pé” náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí a bá kan ilẹ̀kùn ilé kan tí a kò rí ẹni dáhùn, a máa ń sọ pé “a jẹ́ pé wọ́n ti lọ sọ́jà Ikpinlè.” Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n lè wà lóko, wọ́n lè sùn. “Bóyá” ló yẹ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo “a jẹ́ pé” gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé gbogbo ọ̀nà yòókù dànù.

Ẹ ṣọ́ ohùn “kù” náà. “Àyè kan ló kù”: kò sí ohun tó tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ ni. “Ó ku àyè kan”: orúkọ ti tẹ̀ lé e, ohùn di àárín. “Ó kù àyè kan” kò tọ̀nà. Yálà ẹ ń fi ẹ àti ọ kọ̀wé tàbí ɛ àti ɔ bí wọ́n ti ń kọ́ni nílẹ̀ Benin, ohùn yẹn kò yí padà.

Ẹ̀yà ńlá àlọ́ yìí ní àyè mọ́kànlélọ́gọ́rin. Howard Garns, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Dell gbé e jáde ní 1979. Ilé-iṣẹ́ Nikoli gbé e dé Japan ní 1984, níbẹ̀ ló ti gba orúkọ Sudoku. Ó sì dé ìwé ìròyìn The Times ní London ní 2004 láti ọwọ́ Wayne Gould. Ní 2012, Gary McGuire àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Dublin fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n fi hàn pé bí nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ kò bá tó mẹ́tàdínlógún, ìdáhùn kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Ti kékeré tiwa yìí, mẹ́rin ló tó o. Ẹ sì wo orúkọ náà fúnra rẹ̀: mẹ́tàdínlógún, ogún tí a yọ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ka òǹkà Yorùbá ti mọ yíyọ kúrò kó tó rí àlọ́ yìí rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àlọ́ kékeré tiwa, ká sáré díẹ̀. Igun òkè lápá ọ̀tún ku ení nìkan. Ní ìlà kejì, ó wá ku ẹ̀ta àti ẹ̀rin. Ẹ̀ta ti wà ní ìlà òòró kejì, a jẹ́ pé ẹ̀rin ló ni àyè kejì, ẹ̀ta ló ni àyè kìn-ín-ní. Ìlà méjèèjì òkè ti kún. Mo ní “méjèèjì” nítorí a ti mọ èyí tí à ń sọ; “ìlà méjì ti kún” kò sọ èwo. Bí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìlà kẹta á jẹ́ 2 1 4 3, ìkẹrin á jẹ́ 4 3 2 1.

Tiyín nìyí:

– – – 3
4 – – –
– 1 – –
– – 2 –

Ẹ fi ẹ̀rin ìlà kejì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ sókè kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan.